Àwòrán Ọpọlọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ilé Aláìsàn Mọ̀

Bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn jáde ní tíátà, tí dókítà sì sọ pé iṣẹ́ náà lọ dáadáa, ọkàn ará ilé a máa balẹ̀ díẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tán tí nọ́ọ̀sì á fi mú ìwé pélébé kan wá: ẹ lọ sanwó síkáànù. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. “Ṣebí a ya ọ̀kan kí ẹ tó là á? Kí lẹ tún fẹ́ wò níbẹ̀?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Àpò ẹbí lowó náà ti ń jáde, ó sì yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń rà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ orí yìí fún: ọmọ tó dúró ti bàbá rẹ̀, ìyàwó tó ń sun orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ICU, ẹ̀gbọ́n tó ń sáré láti ọsibítù dé ilé ìyàwòrán, tó tún ń sáré padà.

Àwòrán tí wọ́n yà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè kan ló dáhùn: kí ló wà nínú orí yìí, ibo ló sì wà? Èyí tí wọ́n ń yà lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà síbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́? Ṣé ọpọlọ ń wú? Ṣé kókó náà kúrò tán, àbí ó ṣẹ́ kù? Ṣé rọ́bà tí wọ́n fi sínú orí wà níbi tó yẹ? Nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀: ṣé àìsàn náà ti padà dé? Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tó lè dáhùn rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó ṣeé dáhùn. Ẹ lè san owó gọbọi fún ẹ̀rọ tó dára jù lọ, kí ẹ má rí ìdáhùn gbà, nítorí pé ọjọ́ ti kọjá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ni kí ẹ dì mú bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa wò

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962, kò sí ẹ̀rọ síkáànù tí wọ́n ń pè ní CT níbi kankan láyé. Oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ya orí aláìsàn àkọ́kọ́, ní ọsibítù Atkinson Morley ní Wimbledon, ní London. Kí ìyẹn tó dé, wọ́n ní láti fọ́n afẹ́fẹ́ sínú omi ọpọlọ, tàbí kí wọ́n ti oògùn gba iṣan ọrùn wọlé, kí X-ray tó lè rí nǹkan mú nínú orí. Ìnira ibẹ̀ pọ̀. Nítorí náà ojú ni àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìgbà yẹn fi ń ṣọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orí rẹ̀: wọ́n á pè é, wọ́n á ní kó lajú, kó gbé ọwọ́, kó sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìṣọ́ yẹn ṣì ni ìpìlẹ̀ títí dòní. Lọ́dún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ní Glasgow fi máàkì sí i: ti ojú lílà, ti ọ̀rọ̀ sísọ, àti ti bí ọwọ́ ẹsẹ̀ ṣe ń gbéra. Ẹni tó jí gedegbe gba 15. Máàkì tó kéré jù ni 3. Ẹ ó rí nọ́ọ̀sì tí ń kọ ọ́ sórí ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí máàkì náà bá já wálẹ̀, dókítà kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́. CT ló kàn.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá fẹ́ dà síbi iṣẹ́ abẹ, wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fi ara hàn, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ará ilé lè rí ohun tí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì rí. Bí oorun bàbá tó dá yín lóhùn láàárọ̀ bá ń wúwo sí i, tí jíjí rẹ̀ wá di ogun; bí orí bá ń fọ́ ọ sí i dípò kó máa fúyẹ́; bí ó bá ń bì léraléra; bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ; bí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì lọ; bí gìrì bá gbé e: ẹ má dúró de ìgbà tí dókítà máa yí wọ́ọ̀dù ká. Ẹ má sì kàn sọ pé “ara wọn ò yá.” Ẹ sọ ohun tó yí padà, kí ẹ sọ ìgbà tó yí padà: “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ní aago mẹ́wàá bàbá mi mọ̀ mí lórúkọ. Báyìí, orúkọ àbúrò wọn ni wọ́n fi ń pè mí, ọwọ́ òsì wọn ò sì gbéra mọ́.” Gbólóhùn méjì yẹn lè jẹ́ kí wọ́n ya CT ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí wọn ì bá yà á.

Ohun tó mú kí CT yẹ irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé kò fi àkókò ṣòfò. Yíya orí látìsàlẹ̀ dókè kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí lè bá a wọ yàrá náà, kò sì sí ohun tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tuntun hàn kedere kíákíá tó o.

Àwọn ọsibítù kan wà tí wọ́n ń ya CT fún gbogbo ẹni tí wọ́n la orí rẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Àwọn mìíràn kì í yà á bí aláìsàn bá ti jí, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó ń ṣe àṣejù nínú méjèèjì. Ní tèmi, bí owó bá le, kò sí aburú nínú kí ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè fi ojú ṣọ́ ẹni tó ti jí gedegbe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ ṣì ń bá mí, tí oògùn oorun ṣì wà lára rẹ̀, ojú kò lè ṣọ́ ọ tán, torí ẹ pè é kò lè jẹ́. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wá owó náà.

Bí ẹ bá gbé fílíìmù síwájú fèrèsé

Fílíìmù dúdú fẹ̀ǹgẹ̀ kan ni wọ́n máa kó fún yín, àwòrán kéékèèké á tò sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpele kan nínú orí, láti ìsàlẹ̀ títí dé àtàrí. Kí ẹ tó wo àwòrán, ẹ wo igun rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà ọsibítù, ọjọ́, àti aago. Bí orúkọ bá ṣì tàbí ọjọ́ kò pé, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú wíńdò wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá lẹ́tà R àti L. Wọ́n to àwòrán náà bí ẹni pé ẹ dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń wo orí aláìsàn láti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀tún rẹ̀ ló bọ́ sí apá òsì yín. Ẹbí tí kò mọ èyí lè rò pé apá ibi tí kò ṣe é ni wọ́n là, kí wàhálà sì bẹ́ sílẹ̀ láìnídìí.

Funfun àti dúdú tó wà níbẹ̀ ní ìṣirò. Hounsfield fi omi sí òdo. Afẹ́fẹ́ fi 1000 rẹlẹ̀ sí òdo, dúdú rẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù. Ọpọlọ wà láàárín nǹkan bí 20 sí 45, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì máa ń wà ní nǹkan bí 50 sí 80, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ funfun lára ọpọlọ. Egungun agbárí lè kọjá 1000, òun ló funfun jù. Bí ẹ bá mọ ìwọ̀nyí, ìbẹ̀rù yín á dín kù ní ìlàjì.

Ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù ni ibi dúdú kirikiri tí kò sí nínú àwòrán àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wọlé nígbà tí agbárí wà ní ṣíṣí, ara á máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan púpọ̀ rẹ̀ á ti lọ. Èyí tó léwu ni èyí tó ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, tó ń ti apá iwájú ọpọlọ sẹ́yìn, tí iwájú méjèèjì á wá ṣe ṣóńṣó méjì pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan ni àwọn dókítà fi sọ àmì náà lórúkọ, kò sì sí ẹni tó ń rí i tó ń jókòó.

Ẹ tún lè rí i pé egungun kò sí ní apá kan. Bí ọpọlọ bá wú púpọ̀, dókítà lè má dá abala agbárí tó gé padà, kí ọpọlọ lè ríbi wú sí láìní fún ara rẹ̀ pa. Wọ́n lè tọ́jú egungun náà sí abẹ́ awọ ikùn aláìsàn títí di oṣù mélòó kan. Ẹ bi wọ́n ibi tó wà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí aláìsàn fi apá ibẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà wá yàtọ̀ díẹ̀. Bàbá tó ṣubú ní balùwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, tí ìrìn rẹ̀ wá di gẹ́gẹ́: ẹ̀jẹ̀ tó ti di omi dúdú ló sábà máa ń kó jọ láàárín agbárí àti ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lu ihò kan tàbí méjì, wọ́n á fọ̀ ọ́ jáde, wọ́n á sì fi rọ́bà sílẹ̀ kó máa ṣàn. Kí ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tètè yọ rọ́bà náà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cambridge, tó jáde lọ́dún 2009, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí wọn ò fi rọ́bà sílẹ̀ fún, ó padà kó jọ fún bíi 24 débi tí wọ́n fi tún ṣiṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún, bíi 9 péré ni. Bí ẹ bá sì ya CT lẹ́yìn rẹ̀, omi díẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà kì í tètè wú padà kún àyè rẹ̀. Bí bàbá bá ń jẹun, tó ń rìn, tó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ-lórúkọ, omi tó kù lórí fílíìmù kì í ṣe ìdí láti dá a padà sí tíátà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa gbà kó tó gbẹ.

Bó bá jẹ́ kókó ni wọ́n yọ: wákàtí 72

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Bí kókó bá wà nínú ọpọlọ, MRI, ìyẹn síkáànù tó ń fi òòfà ṣiṣẹ́, tí wọ́n yà láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń sọ iye tó ṣẹ́ kù. Ó lè dé wákàtí 72. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ tó dá ṣáṣá ní ògiri tó dí pa. Oògùn kọ́ńtíráàsì tí wọ́n ń gún fún MRI, èyí tí gadolinium wà nínú rẹ̀, kì í ráyè jò gba ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kókó, ògiri yẹn ti bà jẹ́. Oògùn á jò síbẹ̀, ibẹ̀ á sì tàn yòò lórí àwòrán. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà kò dúró jẹ́ẹ́, ó ń jinná. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹta lọ, iṣan tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù létí ibi tí abẹ gbà kọjá. Ìwọ̀nyẹn náà ń jò, wọ́n sì ń tàn gẹ́lẹ́ bíi ti kókó. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Ẹ gbé àwòrán tí wọ́n yà ní ọjọ́ kẹwàá fún dókítà tó gbọ́n jù lọ, kò ní lè fi gbogbo ẹnu sọ fún yín bóyá kókó ni àbí ọgbẹ́ tó ń jinná.

Ẹ̀jẹ̀ tún lè funfun lórí MRI fúnra rẹ̀ láìsí oògùn kankan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ohun tó ti funfun kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tó jẹ́ pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó tàn ni dókítà ń wá. Ẹ wá rí i pé bí ẹnì kan nílé ìyàwòrán bá ní kí ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ torí pé èyí tí kò ní in dín lówó, ìdajì ìdáhùn ló fẹ́ tà fún yín. Ẹ pe dókítà yín kí ẹ tó gbà.

Oríṣi àwòrán kan tún wà tí MRI ń yà, tó ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ hàn. Etí ibi tí wọ́n gé lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kí apá kékeré kan níbẹ̀ kú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, apá yẹn náà lè tàn, kí gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé kókó ti padà. Bí àwòrán ọjọ́ kejì bá wà nílẹ̀, dókítà á kàn yọ ọ́ síta, á ní: “Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé nígbà yẹn lẹ ń wò yìí.” Bí kò bá sí, wọ́n lè tún un là lásán.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí mọ ìwúlò bíkọ̀n tí awọnlẹ̀ rì sígun ilẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà kì í pẹ́ yanjú. Bí kò bá sí, oníkálukú á máa fẹnu fa ààlà tirẹ̀. Àwòrán wákàtí 72 ni bíkọ̀n ọpọlọ yìí. Gbogbo èyí tí ẹ máa yà ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, ní ọdún tó ń bọ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n á ti máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sì bínú sí dókítà tó jáde ní tíátà tó ní òun yọ ọ́ tán, tí MRI wá ní ó ku díẹ̀. Kókó kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ àti rírọ̀ rẹ̀ kò yà sí ti ọpọlọ rárá, ojú àti ìka kò lè mọ ààlà rẹ̀. Nígbà mìíràn ó mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ ni, torí ibi tó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ẹsẹ̀ ló lẹ̀ mọ́.

Ìṣòro ilẹ̀ wa ni pé MRI lè má sí nínú ọsibítù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, tàbí kí èyí tó wà níbẹ̀ ti bà jẹ́. Nítorí náà, kí aláìsàn tó wọ tíátà ni kí ẹ ti ṣètò rẹ̀. Ẹ bi dókítà: ṣé ẹ máa fẹ́ MRI láàárín ọjọ́ mẹ́ta, níbo, ta ló sì máa kọ ìwé rẹ̀? Ẹ lọ sí ilé ìyàwòrán náà fúnra yín. Bí iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, Sátidé àti Àìkú ló máa gbé wákàtí 48 lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣí, bóyá gadolinium wà nílẹ̀, bóyá wọ́n lè gba ẹni tí ọ́síjìn wà nímú rẹ̀. Ẹ wá áńbúláǹsì sílẹ̀. Bí aláìsàn kò bá ṣeé gbé, ẹ má fi dandan gbé e: CT tí wọ́n yà kí wọ́n tó gún kọ́ńtíráàsì àti lẹ́yìn tí wọ́n gún un, láàárín ọjọ́ mẹ́ta kan náà, sàn púpọ̀ ju kí ẹ má ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Kókó kan wà tí òfin yìí kò bá a mu: èyí tí wọ́n gba ihò imú yọ lábẹ́ ọpọlọ, lára ẹṣẹ́ pituitary. Ọ̀rá àti àwọn nǹkan tí wọ́n fi dí ojú ibẹ̀ máa ń da àwòrán rú ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dúró kí wọ́n tó ya èyí tí wọ́n á fi ṣe ìwọ̀n.

Ẹnu ọ̀nà yàrá MRI

Òòfà MRI kì í sùn. Wọ́n ń ya ẹnì kan o, wọn ò yà o, tọ̀sán-tòru ló fi ń fa irin. Èyí tó wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní tesla 1.5, lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì. Lọ́dún 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan wọ MRI lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ kókó nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ náà nílò ọ́síjìn, wọ́n sì gbé àgbá onírin wọ yàrá náà. Òòfà já a gbà, ó gbá ọmọ náà lórí, ó sì pa á. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló pa á. Bí ẹni tó ń ya àwòrán bá ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi sùúrù dáhùn.

“Màmá, ṣé irin kankan wà lára yín?”

“Kò sí, ọmọ mi.”

“Òrùka ńkọ́? Yẹtí? Píìnì tí ẹ fi mú gèlè? Eyín tí ẹ máa ń yọ?”

“Háà, eyín wà lẹ́nu mi o.”

“Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wà, Màmá?”

“Ó wà. Ṣé ìyẹn náà ni?”

Ìyẹn náà ni, bí irin bá wà lójú ibi tí wọ́n ti so ó. Wíìgì tó ní klíìpù náà wà níbẹ̀, àti foonù, káàdì báǹkì, kọ́kọ́rọ́ ẹni tó sìn ín wá. Bí òǹdè bá wà lára, ẹ sọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ dá yín lẹ́jọ́, irin ni wọ́n ń wá. Bí bàbá bá ti jẹ́ ọdẹ, tí ìbọn ṣakabùlà bà á rí, ẹ sọ ìyẹn náà, torí wóróbo irin lè ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀.

Ní ti irin tí dókítà fi sí orí, awo àti ìdè kéékèèké tí wọ́n fi so agbárí padà lóde òní, titanium ló sábà máa ń jẹ́, òòfà kì í sì fa titanium. Klíìpù tí wọ́n fi dí iṣan tó wú nínú ọpọlọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: àwọn ti àtijọ́ kan wà tí òòfà ń fà, bí ó bá sì yẹ̀ lójú iṣan, ẹ̀jẹ̀ á tú. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ tí orúkọ klíìpù náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà rẹ̀ wà, kí ẹ máa mú un lọ síbikíbi. Láìsí i, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé, ó sì tọ̀nà.

Inú ẹ̀rọ náà há, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì lè gba ọgbọ̀n sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Wọ́n á fi rọ́bà kan sí aláìsàn lọ́wọ́, kó fún un bí ara bá ń ni ín. Ẹ ṣàlàyé gbogbo èyí fún un nílé, kí ó má jẹ́ ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́.

Kí wọ́n tó gún kọ́ńtíráàsì, ti CT tàbí ti MRI, wọ́n ní láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́; ẹ mú èsì ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn bí ikọ́ fée bá ń ṣe é, bí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti yún un lára rí, bí ó bá lóyún, tàbí bí ó bá ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà.

Ti àwọn ọmọdé

CT orí kan ṣoṣo máa ń fún ènìyàn ní ìtànṣán tó tó nǹkan bí millisievert 2, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 2.4 ni ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́dún. Fún àgbàlagbà tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kò tó ohun tí a ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé tó lè nílò àwòrán ní ọ̀pọ̀ ìgbà kó tó dàgbà ni kí a máa ṣírò tirẹ̀. MRI kò lo ìtànṣán yìí rárá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún náà kò lò ó. Bí ibi rírọ̀ tó wà ní àtàrí ọmọ ọwọ́ kò bá tíì pa, ibẹ̀ ni wọ́n lè gbé ẹ̀rọ oyún lé láti wo omi inú ọpọlọ rẹ̀, láìsí oorun, láìsí abẹ́rẹ́.

Ọmọ tí omi kó sí lórí, tí wọ́n fi rọ́bà shunt darí omi náà lọ sí ikùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán kan fún un nígbà tí ara rẹ̀ le koko. Àyè omi inú orí ọmọ kan kì í padà kéré mọ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ á yá. Ti òmíràn á fún pinpin. Lọ́jọ́ tó bá ń bì, tó ń tòògbé, tí wọ́n sì fura pé rọ́bà ti dí, àwòrán ọjọ́ ìlera yẹn ni wọ́n á fi wé tuntun. Wọ́n á tún ya X-ray láti orí dé ikùn láti wò ó bóyá rọ́bà ti já. Bí shunt náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi òòfà yí nọ́ńbà rẹ̀, MRI lè yí i dànù. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó tún un wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Mbale, ní Uganda, lọ́dún 2001 ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Benjamin Warf bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà sí ọsibítù: ó ń lu ihò kékeré sínú ìsàlẹ̀ àyè omi náà, kí omi lè wá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìsí rọ́bà tó lè dí. Bí wọ́n bá ṣe irú èyí fún ọmọ yín, àyè omi lè má fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i lórí àwòrán. Ẹ fi téèpù wọn orí rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ fọwọ́ kan àtàrí rẹ̀ bóyá ó rọ̀ tàbí ó le, ẹ wò ó bóyá ó ń jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń mú nǹkan.

Nígbà tí oṣù bá ń gorí oṣù

Kókó tó jẹ́ jẹjẹrẹ líle, oṣù méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ya MRI rẹ̀. Meningioma, ìyẹn kókó awọ tó bo ọpọlọ, bí kò bá burú tí wọ́n sì yọ ọ́ tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sábà máa ń tó. Owó tó dín kù nínú ti èkejì, ẹ tọ́jú rẹ̀ de èyí tó pọ̀n dandan.

Bí aláìsàn bá gba ìtọ́jú onítànṣán àti oògùn temozolomide lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwòrán oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lè burú lójú: ibẹ̀ á wú, á tàn, bí ẹni pé kókó ń dàgbà. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ lè fa èyí, kó sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé èsì bá sọ pé “ó ti pọ̀ sí i” ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ẹ má dá oògùn dúró, kí ẹ má sì gbé e kúrò ní ọsibítù lọ síbòmíràn kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ tó rí i. Ibà, ọ̀yún lójú ọgbẹ́, tàbí omi mímọ́ tó ń kán láti imú kò sí lára èyí o. Àwọn wọ̀nyẹn kò ní oṣù tí wọ́n ń dúró dè, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ máa padà sí, torí àwòrán ẹ̀rọ kékeré kò ṣeé gbé ti ẹ̀rọ ńlá lé kí a sọ ìyàtọ̀ wọn.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú wọn

Ẹ béèrè sídíì ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe fílíìmù àti ìwé èsì nìkan. Fílíìmù ní ìwọ̀nba àwòrán tí ẹnì kan yàn. Sídíì ní gbogbo wọn, dókítà sì lè mú kí ó tàn tàbí kó ṣókùnkùn bó ṣe fẹ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà wọn kí ẹ rí i pé ó ṣí. Tí ẹ bá délé, ẹ dà á kọ sórí fláàṣì kan, kí ẹ fi fláàṣì náà sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí.

Èyí tí ẹ fi foonù yà lójú fèrèsé tí ẹ sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wúlò láti pe dókítà tó jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà. Kò tó fún un láti dájọ́ kókó tí kò tó èékánná. Ẹ má ká fílíìmù bí ẹní, ẹ má sì fi sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn.

Lára àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n yà á, iye ọjọ́ tó ti kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bóyá wọ́n gún kọ́ńtíráàsì, àti bí aláìsàn ṣe rí lọ́jọ́ náà: “ọjọ́ kejì, ó jí, ó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún wúwo.” Ẹ tò wọ́n láti ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ya òmíràn, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó dání lọ sí ilé ìyàwòrán, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí dókítà tó máa kọ èsì wo ti àtẹ̀yìnwá pọ̀ mọ́ ọn. Bí ìwé èsì bá jáde tí kò mẹ́nu kan àwòrán kankan tó ṣáájú rẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ ní kí wọ́n fi wé e.